Ilẹ̀kùn Tí Àǹtí Kò Ṣí

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọṣẹ máa ń bá mi wọlé ní Yábàá, nítorí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo sì gbà pé kò sóhun tó kù tí n kò tíì mọ̀. Ọ̀gá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, á kàn wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́dún náà, wọ́n ra ẹ̀rọ kan tó ń wá nǹkan. Bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, yóò tú gbogbo fáìlì ilé iṣẹ́, títí kan ohun tí dókítà wa kọ nípa ara wa, yóò sì kó ohun tó bá rí síta. Wọ́n ní kí èmi àti Àǹtí pín àṣẹ: ohun tí kálukú lè rí, àti ohun tí kò gbọdọ̀ rí. Mo ní ká ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ká lọ jẹun. Àǹtí kò gbà. Ńṣe ló ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tó ń béèrè ohun tó lè dójú tì wọ́n bí ẹlòmíì bá rí i.

Ìgbà tí ọ̀gá àgbà wá sí ọ́fíìsì wa lọ̀rọ̀ le. Ó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fi àìsàn àwọn tó ń po ọṣẹ han òun, kó lè mọ ẹni tó máa lọ.

"Ẹ má bínú, sà, mi ò lè ṣí ìyẹn," Àǹtí wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ yìí ni?"

"Rárá, sà. Dókítà nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún."

 Àǹtí nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ wọn. Kò bá a jiyàn. Ó ṣí ẹ̀rọ náà bó ṣe wà kí a tó ti ibì kankan, ó ní kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ ara rẹ̀. Àǹtí wá kọjú sí ògiri, èmi náà sì kọjú síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Ohun tí dókítà kọ nípa ara ọkùnrin náà ló jáde síta, ló bá béèrè pé, "Ta ló ti rí èyí?"

"Kò tíì sẹ́nì kankan, sà. Bí mo bá tì í mọ́ gbogbo wa, kò ní sẹ́ni tó máa rí i. Bí mo bá ṣí i fún ẹnì kan, mi ò mọ ẹni tó kàn."

"Tì í," ló wí, ó sì jáde.

Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lé ẹnikẹ́ni nítorí àìsàn. Èmi náà ti di ọ̀gá fáwọn ọ̀dọ́ báyìí, mo sì ti rí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ju Àǹtí lọ. N kò tíì rí ẹni tó ní irú ọkàn rẹ̀. Nígbà míì, mo máa ń pàdé ọ̀kan nínú àwọn apọṣẹ ìgbà náà ní Mushin. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà. Á bi mí pé báwo ni obìnrin tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígbà yẹn ṣe wà. Màá ní àlàáfíà ló wà, màá sì bá tèmi lọ láìsọ ohun tí obìnrin náà ṣe fún wọn.