Jẹ̀díjẹ̀dí Tí Kò Sí Lára Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi, tí à ń sùn tí à ń jí nínú ilé kan náà, kò tíì gbà á tán títí dòní. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn obìnrin mọ́kànlá kan lójú ọ̀nà Lálúpọn ń tọ́jú mi fún àìsàn tí kò ṣe mí, èmi náà sì ń mu oògùn rẹ̀ láràárọ̀, torí mo rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé girama. Mo lè fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta ya gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ sójú pátákó, kí n sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ìwé. Ohun tí mi ò ṣe rí ni kí n yan gàrí. Gàrí tí mo mọ̀ ni èyí tó ti wà nínú abọ́, tí omi ti bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹ̀pà ń léfòó lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wá ń wá máníjà fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n ní ẹni tó kàwé nípa ẹ̀gẹ́ tó báyìí, kí ló tún kù? Èmi náà ò sọ fún wọn pé nǹkan kan kù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bàbá kékeré yìí ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí tíṣà tó bá wọn ṣiṣẹ́ tí kì í mí kanlẹ̀ bó bá gbọ́ orúkọ wọn.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́, sà."

"Má rẹ́rìn-ín fún wọn. Má sì bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ọjọ́ tó o bá ti bi òṣìṣẹ́ rẹ ní nǹkan tí o ò mọ̀, ó ti parí."

"Tí mi ò bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́, sà?"

"Ká ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Ogún ọdún ni mo fi káwọ́ sẹ́yìn, gbogbo wọn rò pé mò ń ronú."

Mo délé, mo fi í dánra wò níwájú dígí. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo fún ojú pọ̀, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí Bàbá kékeré ṣe máa ń tẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ń kọjá lọ, ó dúró, ó ní, "Ṣé eyín ló ń dùn yín ni?" Mi ò dá a lóhùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi iṣẹ́ náà kò tóbi. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wà níwájú, àwọn agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí tò lábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìn. Olórí àwọn obìnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni Ìyá ti ń jókòó nídìí agbada. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bímọ méjì. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ẹ̀rọ wa lọ.

Mo wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tòun tojú líle. Wọ́n gbé àga fún mi, mo ní mi ò jókòó. Wọ́n bu gàrí gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agbada fún mi, mo ní rárá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo dúró, tí mo káwọ́ sẹ́yìn ìdí, tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Bí wọ́n bá dápàárá, màá wo òkè páànù. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé wọ́n dákẹ́ bí mo bá ti ń bọ̀, wọ́n á máa wò mí, wọ́n á máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀rù ti ń bà wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá gbé ìgò kan tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé wá bá mi. Àgbàlagbà tó bí mi lọ́mọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e fún mi.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa mu èyí kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan sẹ́nu."

Ó ku díẹ̀ kí n bèèrè pé kí ni. Mo rántí Bàbá kékeré, mo pa ẹnu mi dé. Mo gbé e sẹ́nu, mo gbé e mì. Ó korò débi pé etí mi ń hó.

"Ẹ kú ìfaradà, sà," ni Ìyá wí.

Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti sáré lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má rò pé mo tú ojú ká o. Bí mo ṣe ń sáré náà ni ojú mi le. Láràárọ̀ ni ìgò náà ń dé, láràárọ̀ ni mo ń mu ún. Mo gbà lọ́kàn mi pé bóyá bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀gá tuntun lálejò lágbègbè yẹn nìyẹn. Mo pe Bàbá kékeré lórí fóònù.

"Wọ́n ń gbé nǹkan wá fún mi láràárọ̀, sà."

"Ṣé o rí i? Wọ́n ń wárí fún ẹ nìyẹn."

"Ó máa ń korò, sà. Ó sì máa ń lé mi kiri."

"Máa mu ún. Má bèèrè."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ gidi dé. Àwọn tó ni ibi iṣẹ́ náà pè mí pé obìnrin kan tó ń ra oúnjẹ fún ilé ìwé ńlá kan, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá tọ́ gàrí wa wò. Gàrí tó kan dáadáa, tó sì gbẹ, ló ń fẹ́. Bí tiwa bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti máa rà á jálẹ̀ ọdún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á ti ibẹ̀ pa níparí oṣù. Ohùn ẹni tó sọ ọ́ ò tiẹ̀ le. Àfi bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀.

Mo kó àwọn obìnrin náà jọ, mo sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin, gbé igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀, ó wò ó, ó tún gbé e.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ mí: bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á sì gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro jáde, kí òun fúnra rẹ̀ sì kan. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba márùn-ún. Ojú ọjọ́ ló ń pinnu, ìgbà òjò la sì wà, gbogbo nǹkan tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá bá mi nídìí àwọn àpò náà.

"Ọ̀gá, ṣé ká tú u, àbí ká ṣì fi í sílẹ̀?"

Mo kó ọwọ́ wọ inú àpò bí mo ṣe ti rí wọn tí wọ́n ń ṣe é. Mo fi ìka ra á. Mo gbé e símú, mo di ojú. Òórùn ẹ̀gẹ́ ni mo gbọ́.

"Ó ti tó," ni mo wí.

"Ó ti tó, sà?"

"Ó ti tó."

"Ẹ ní ó ti tó?"

"Mo ní ó ti tó, Ìyá."

Ìyá wo Ìyàwó, Ìyàwó wo ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, ilé yìí náà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ó yẹ kí n mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni bi ẹni padà lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe pé etí wọn di.

Wọ́n tú u. Wọ́n dá iná. Kò pẹ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ra nínú agbada, ó ń di kókó kókó, àfi bí ẹni tó ń yan ẹ̀bà. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó tẹ́. Kò sí kíkan kankan lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀, ohun tó wà níwájú mi, ajá ò ní jẹ ẹ́.

Mo mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé kò tíì tó?"

"A mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyàwó ló dáhùn. "Ọ̀gá, ta ló fẹ́ máa bá aláìsàn jiyàn?"

"Ta ni aláìsàn?" Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí aláìsàn náà. Ògiri ló wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó ṣe ọkọ tèmi náà."

"Kí ló ṣe ọkọ yín?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni Ìyàwó wí. "Ẹ ò lè jókòó. Ọwọ́ yín kì í kúrò níbi ìdí. Ojú yín máa ń fún pọ̀ ṣáá. Ẹ dẹ̀ máa ń sáré lọ sẹ́yìn ilé."

"Ìgò yín ló ń lé mi lọ sẹ́yìn ilé."

"Ohun tá a ṣe gbé e wá náà nìyẹn, sà."

Wọ́n wá ń sọ ọ́ fún mi, ọ̀kan ń gbà á lẹ́nu èkejì. Wọ́n ti pín ara wọn: àwọn méjì ń lọ wa egbò lóko, àwọn méjì ń fọ̀ ọ́, Ìyá ló ń sè é. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, wọ́n ń fi mí sínú àdúà. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì inú wọn náà ti dárúkọ mi nípàdé àdúrà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí inú mi ru, kí àìsàn náà má baà le sí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo bá sọ fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo ti ń rìn bí ológun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú mi. Mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti parí tí omijé gidi ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá," ni mo wí, "kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Mi ò mọ gàrí ni."

Ìyá sún mọ́ mi.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá?"

"Mímu nìkan ni mo mọ̀."

Ìyàwó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ara tù wọ́n ni, mo rí i lójú wọn.

"Alihamudulilahi. Ìyẹn yá láti wò ju jẹ̀díjẹ̀dí lọ." Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn. "Àpò mẹ́rin wà lábẹ́ òkúta lọ́hùn-ún. A ò tú u. A ní bẹ́ ẹ bá bèèrè, a ó ní a gbàgbé. Ọ̀la ló máa tó. Ẹ wọ aṣọ tẹ́ ẹ lè fi jókòó sínú eérú wá."

Lọ́jọ́rú, Ìyá bu ẹ̀gẹ́ náà sí mi lọ́wọ́. "Ẹ fún un. Ṣé ó dì? Ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́, àbí? Omi ti tán lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀." Ó ta mí nímú títí dé àtàrí. Kò jọ òórùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun rárá.

Wọ́n fi mí jókòó sórí àpótí kékeré nídìí agbada kan. Èéfín bò mí. Ti àkọ́kọ́ jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ yé fà á bí ẹni tó ń nu pátákó," ni Ìyàwó wí. "Ẹ máa gbé e, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́."

"Mò ń gbé e."

"Ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Bí mo ṣe jókòó ti iná yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé òrùlé ń jò sórí àpò, pé ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá máa ń to àwọn tó ti bàjẹ́ sí ìsàlẹ̀, pé ẹ̀rọ wa ń já okùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rìn yí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ká. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gàrí àpò mẹ́rin ti gbẹ, a ti fi asẹ́ jọ̀ ọ́, méjì nínú agbada tó jáde sì jẹ́ tèmi. Ìyá tọ́ tèmi wò, wọ́n ní, "Ẹ dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kó má dá wà."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀ náà, mo jí, ọwọ́ ọ̀tún mi ò ṣeé ká. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ àti ìka mi ti lé ròrò. Ìyá àwọn ọmọ mi ló bá mi de bọ́tìnnì.

Obìnrin tó ń ra gàrí náà dé. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó rún un. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó da omi sí i, ó jókòó, ó sì mu ún tán ràì láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó rí òkìtì gàrí oníkókó ní kọ̀rọ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Àwọn obìnrin mọ́kànlá yíjú sí mi.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, mà," ni mo wí. "Mo ní kí wọ́n tú u nígbà tí kò tíì tó. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn."

"Ìgbà wo nìgbà yẹn?"

"Ìjẹta, mà."

"Ta ló wá ṣe èyí tí mo mu?"

Mo nawọ́ sí Ìyá àtàwọn tó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ìyá ní ìbéèrè, Ìyá ń dá a lóhùn, mo ń gbọ́, mo sì kọ́ nǹkan méjì sí i níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí máníjà buwọ́ lù ú. Mo gba kálàmù. Ó já bọ́. Mo tún gbé e, ó tún já bọ́. Ìka mi ò gbà.

"Yínkì wà níbí," ni obìnrin náà wí, kò sì fi ojú kan mi.

Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ yínkì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé náà. "Ẹ má gbọ̀n ọ́n, sà, kó má fà." Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ní ẹlẹ́rìí ńkọ́. Ìyá nu ọwọ́ wọn lára ìró, wọ́n gba kálàmù. Wọ́n ti lọ ilé ìwé àwọn àgbà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò mọ̀. Wọ́n kọ orúkọ wọn wẹ́kú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, tòun ti àmì orí rẹ̀, ó gba ìlà méjì.

Obìnrin náà gbé ìwé sókè. Ó wo àtàǹpàkò máníjà, ó wo orúkọ ẹni tó ń yan gàrí. Ó yíjú sí Ìyàwó.

"Ṣé ọ̀gá yín lọ ilé ìwé ṣá?"

"Wọ́n lọ, mà," ni Ìyàwó wí. "Tiwa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú báàgì, ó ní ọkọ̀ òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, mo na àtàǹpàkò mi jìnnà sí ṣẹ́ẹ̀tì mi kí yínkì má baà kàn án.