Téèpù Ayé Oòrùn Méjì

Obìnrin kan wà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pa àwòrán rẹ́. Ìyá Téèpù ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè é. Yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, kò ní fèrèsé, pẹpẹ onírin sì kún inú rẹ̀ dé àjà. Téèpù wọ́n, iléeṣẹ́ kì í sì í fẹ́ ra tuntun. Bí wọ́n bá ti fi eré kan hàn tán, wọ́n á gbé téèpù rẹ̀ wá bá a, á gbé e lé orí ẹ̀rọ kan tó rí bí àpótí onírin, á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á kùn, eré á sì di òfo. Wọ́n á wá ya nǹkan mìíràn sí i. Gbàgbé ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ẹ̀rọ náà. Orin, bọ́ọ̀lù, ìwàásù, kò sí èyí tí Gbàgbé kò jẹ rí.

Òun kọ́ ló wá iṣẹ́ yìí lọ. Ọkọ rẹ̀ ni káfíńtà iléeṣẹ́ náà. Ó ń so iná mọ́ àjà lọ́jọ́ kan, ó já bọ́ látorí àkàbà tí òun fúnra rẹ̀ ti pariwo títí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti jẹrà, ó sì kú. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá àgbà wá kí i nílé, ó ní kó mú ọkàn le, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá téèpù lé e lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́nu nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Kí káfíńtà tó kú, ó kan odindi ayé kan. Iléeṣẹ́ ń ṣe eré alápá púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ayé Oòrùn Méjì. Ayé náà jìnnà sí tiwa, oòrùn méjì ló ń ràn níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ sì ń ta ibòji fún aráàlú. Àwọn tálákà ló ń fi òpó gbé òrùlé tó ṣíji bo ìlú ró, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ dúró lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ju òpó tirẹ̀ sílẹ̀, làwọn yòókù bá ju tiwọn náà. Pákó àti páálí ẹyin ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ojú pópó á dá wáí. Àwọn ọmọdé á máa dínà mọ́ ara wọn lábẹ́ igi: "Sanwó ibòji, àbí kó o gbẹ bí ẹja!"

Òṣèré tó yẹ kó ṣe olórí àwọn agbópòó kọ̀ láti wọ ìbòjú rọ́bà rẹ̀, ó ní ó ń rùn bí táyà tó jóná.

"Ìwọ lo ṣe é," ni olùdarí eré wí fún káfíńtà, "ìwọ náà wọ̀ ọ́."

Káfíńtà wọ̀ ọ́. Ní apá ìgbẹ̀yìn, ó ju òpó sílẹ̀, ó bọ́ ìbòjú náà, ó sì rìn kọjá níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, èjìká òsì rẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ru pákó láti kékeré.

Fọ́tò pélébé kan ló kù nílé, ó sì ti ṣá. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ti wọ ilé-ìwé girama. Òun náà ń gbé èjìká òsì sókè bó bá ń rìn, bẹ́ẹ̀ kò ru pákó rí. Òṣùwọ̀n-tó-wọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Màámi, ta ni mo fi ìrìn yìí jọ?"

"Bàbá rẹ ni."

"Ẹ ṣáà ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí i rí. Fọ́tò ò kúkú ń rìn."

"Ibi tó ti ń rìn wà lọ́wọ́ mi. Wàá rí i."

Kò parọ́. Nígbà tí àṣẹ dé pé kó pa Ayé Oòrùn Méjì rẹ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó ku apá ìgbẹ̀yìn. Ó ṣí bébà tó wà lára téèpù náà kúrò, ó lẹ òmíràn mọ́ ọn: Ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba. Nínú ilé yẹn, ta ló jẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba? Ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára jù ló sá sí. Kò rántí pé igi tó ga jù ni àrá máa ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo téèpù wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń bẹ̀rù láti gbé e débẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnjiníà kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì gbà fún un.

"Ẹ mú ọmọ wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ò ní sí nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, mi ò mọ̀ yín rí o."

"Èmi gan-an ò mọ ara mi rí," ni Ìyá Téèpù wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, àwọn ológun gbàjọba. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá àgbà ti yọ àwòrán Olórí Ìjọba kúrò lára ògiri, ojú ibi tó wà sì funfun ju ìyókù lọ. Ó mú ọ̀gá sójà kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá téèpù.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀bàyéjẹ́ yẹn sọ," ni sójà náà wí, "pa á rẹ́. Níṣojú mi."

Ìyá Téèpù ń gbé wọn sórí Gbàgbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé?"

"Sà, eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ka ara rẹ̀!" Ọ̀gá àgbà ti ń làágùn. "Àbí ẹ ò mọ̀wé kà mọ́ ni?"

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, sà. Eré àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀."

"Eré wo?" ni sójà béèrè.

Ọ̀gá àgbà ló dáhùn, nítorí ó ń wá bí orí tirẹ̀ yóò ṣe yọ. "Ayé Oòrùn Méjì ni yóò jẹ́, sà. Ibi tí àwọn aráàlú ti dìde sí àwọn aláṣẹ."

"Wọ́n borí?"

"Wọ́n borí, sà."

Sójà yíjú sí obìnrin náà. "Ìyẹn lo fi pa mọ́?"

"Ọkọ mi ló wà níbẹ̀, sà. Ó ti kú. Ó kàn rìn kọjá ni."

"Ó kàn rìn kọjá ni!" Sójà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá àgbà bá a rín in. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lójijì. "Pa á rẹ́ kí n tó bi ọ́ ní ìbéèrè kejì."

Ká ní ó dákẹ́ ni, wọn ì bá pa á rẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni àná. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó pa á rẹ́ bí ọ̀tẹ̀. Ó lè kọ̀. Àwọn agbópòó inú téèpù yẹn kọ̀. Ó ro ti ọmọ, ó ro ti kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Gbàgbé kùn bó ṣe máa ń kùn.

"Ẹ fi ìyẹn sọ́tọ̀," ni ọ̀gá àgbà wí. "Òun la máa fi gba ọ̀rọ̀ ìjọba tuntun."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo sójà náà tó ń ṣèlérí fún aráàlú. Téèpù wo ló ń yí, nínú àwọn méjèèjì, ìyá nìkan ló mọ̀. Kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ̀ geere. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti sọ fún un.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ta ló pa á rẹ́?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó yí padà, ó kọrí sílé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó lọ síwájú díẹ̀, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn.

"Kí lẹ ń wò?"

"Máa lọ. Ṣáà máa rìn."

Ọmọ náà mọ ohun tó ń wò. Ó tẹ èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń rìn lọ bí ẹnikẹ́ni.