Kí Tíì Tó Tutù

Irọ́ ni! Irọ́ burúkú ni wọ́n ń pa mọ́ òkú. Wọ́n ní Bàbá Onítíì, tó máa ń yan ìwé fún ilé ìkàwé, da tíì gbígbóná lé ọlọ́jà kan lórí. Ìgbàkígbà tí Ìyá Onígbàálẹ̀ ibẹ̀ bá gbọ́ ọ, á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á fọwọ́ lé ìbàdí. "Kò ṣojú yín, ojú mi ló ṣe. Tíì yẹn ti tutù! Títutù tó tutù gan-an ló dá ìjà sílẹ̀!"

Iṣẹ́ bàbá ni láti yan àwọn ìwé ńláńlá tí a kì í yá lọ sílé, èyí téèyàn ń wá yẹ̀ wò bí nǹkan bá rú u lójú, àti àwọn àkójọ ìmọ̀ orí kọ̀ǹpútà. Kì í gba èyíkéyìí láìdán an wò. Á bu tíì gbígbóná sínú ife, á pe ẹni tó ní ìbéèrè tòótọ́ jókòó. Bí ìdáhùn kò bá jáde kí tíì tó tutù, kí ọlọ́jà tó gbé e wá palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọlọ́jà wọlé tòun ti kóòtù àti ẹ̀rín. "Bàbá, gbogbo ìmọ̀ ayé ló wà nínú ẹ̀rọ yìí."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń wá síbí. Ìyá Onígbàálẹ̀, kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?"

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò kéré. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ti wá pákó tí wọn yóò fi de ẹsẹ̀ náà ní Sátidé, kó lè nà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ìyá ọmọ pé òun ló kánjú mú un rìn.

"Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ yìí á nà fúnra rẹ̀?" ni ìyá béèrè.

Ọlọ́jà tẹ bọ́tìnnì. Ìwé rọ́ jáde lójú ẹ̀rọ bí eéṣú. Ó fẹ́ ṣí àkọ́kọ́, wọ́n ti tì í pa, àfi kéèyàn sanwó. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta ṣí, ojú rẹ̀ sì tàn, ó ń kà á lọ geere. Ìyá na ọrùn wo àwòrán tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ-ọmọ tèmi ò nírù." Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń sọ.

Bàbá gbé tíì mu, ó fajú ro. "Ó ti tutù! Pákó ń dúró de ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ń fi ẹṣin hàn wá! Jáde!" Ohùn rẹ̀ ló lé ọkùnrin náà. Tíì, ọ̀nà ọ̀fun bàbá ló gbà.

Pẹ̀lú ìbínú náà, ó lọ kó àwọn ìwé àtijọ́ tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. "Inú wọn ló wà!" Ó bu tíì mìíràn. Ó ṣí ọ̀kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ bo ife. "Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ìyá ki ìka bọ̀ ọ́. "Bàbá, ṣé bí odò ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìyí?"

Bàbá bú ìwé, ó bú ẹni tó kọ ọ́, ó bú tíì. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìwé tí kò lè dáhùn mọ́ ń lọ, ó ń nu eruku ara wọn bí ẹni ń sìnkú.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́jà padà wá. Àkójọ kékeré kan ló gbé wá, èyí tí àwọn dókítà ọmọdé kọ fún òbí. Ooru ṣì ń yọ lójú tíì nígbà tí ìdáhùn jáde: ẹsẹ̀ ọmọdé sábà máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀, á nà bó bá ń dàgbà. Bó bá kọjá ọdún méjì tí kò nà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí wọ́n má dè é.

"Oníranù!" bàbá jágbe mọ́ ọn. "Kí ló dé tí o ò gbé èyí wá lánàá?" Ó sì gbà á wọlé.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ kà á sétí ìyá ọkọ, ó ń pariwo bí ẹni ń lé olè. Wọ́n fi pákó náà kan àpótí ìjókòó. Orí rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń fò sílẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ nà ṣánṣán.

Ọ̀gá tuntun ilé ìkàwé ló wá ń tan irọ́ tíì gbígbóná kálẹ̀, kí wọ́n lè pa ìdánwò tíì tì, kó sì máa ra ìwé aláràbarà tí ẹnì kan ò bi ní ìbéèrè. Bàbá ti rí i tẹ́lẹ̀ kó tó kú. Nígbà tó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, Ìyá Onígbàálẹ̀ gbé tíì lọ bá a.

"Bàbá, ta ni yóò máa bá wa bínú?"

Bàbá na ìka, ó fi kan ife, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ti tutù," ló wí. "Ẹ gbé mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìwọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bínú."