Ìgò Kẹrosíìnì Keje

Títí di òní, bí òórùn bẹntiróòlù bá kàn mí nímú lójijì, àyà mi a kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé mo ti darúgbó, pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́. Òyìnbó ṣì ni ajẹ́lẹ̀ wa ní Kàbà nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, mo sì ti ka ìwé mẹ́fà, ìyẹn ni pé mo gbà pé kò sí ohun tí ìyá ọkọ mi tún lè kọ́ mi.

Kẹrosíìnì ni èmi àti ìyá ń tà, a kì í sì í jókòó tì í. A ó to ìgò sórí pákó lábẹ́ igi máńgòrò ní oríta ọ̀nà Odo-Ape, a ó kó òkúta wẹ́wẹ́ síwájú wọn, òkúta kan fún kọ́bọ̀ kan, a ó sì gba oko lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò wo òkúta, yóò fi owó sínú igbá, yóò gbé ìgò tó kún, yóò sì fi òfìfo tirẹ̀ rọ́pò. Ẹnikẹ́ni kì í jí i. Orúkọ ẹni ló ń ṣọ́ ìsọ̀ fún ni.

Nínú òjò ọdún yẹn ni kẹrosíìnì gbówó lórí. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja bàjẹ́, lọ́rì ń rì sínú ẹrẹ̀, garawa kan ní ìsọ̀ òyìnbó tí a ti máa ń rà á sì wọ́n débi pé àwọn oníbàárà wa tún ń fi epo pupa tan àtùpà bíi ti àtijọ́. Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀, àlejò tó ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ fa bẹntiróòlù láti inú àgbá fún àwọn onílọ́rì. Kò sí pátákó ilé-iṣẹ́ kankan lójúde rẹ̀. Ó ń ta kẹrosíìnì náà, owó tirẹ̀ sì dín sí ti òyìnbó gan-an. Ìyá ní òun ò mọ ibi tó ti ń kó ọjà. Èmi ní òyìnbó ń rẹ́ wa jẹ ni, pé ọwọ́ èèyàn dúdú ẹgbẹ́ wa ló yẹ ká ti máa rajà. Mo sọ ọ́ bí olóṣèlú.

Nǹkan kan wà tí ìyá kì í fi ṣeré. Kí ó tó rọ epo tuntun sí ìgò, yóò rẹ àkísà kékeré sínú rẹ̀, yóò gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, yóò ṣáná sí i. Bí iná bá rọra mú un, kẹrosíìnì ni. Bí ó bá fò dìde, bẹntiróòlù ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, kò ní tà á. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ìyá ti ṣáájú mi lọ sóko. Mo ra garawa kan lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, mo gbóòórùn rẹ̀, mo ní kẹrosíìnì ni, mo rọ nínú rẹ̀ sí ìgò méje, mo tò wọ́n sí oríta. Ta ló ráyè àkísà?

Nígbà tí a ti oko dé nírọ̀lẹ́, ìgò méjèèje ti lọ, òfìfo méje ló wà nípò wọn. Inú mi dùn. Nígbà tí a délé, ìyá rí garawa tuntun, ó wò mí.

"Ìyàwó, ṣé o dán an wò?"

Ìyá rẹ àkísà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbọ́ ìró iná náà kí n tó rí i. Ó jó irun apá ìyá kó tó sọ àkísà sílẹ̀. Àgbá bẹntiróòlù ni wọ́n da kẹrosíìnì sí láìjẹ́ kí bẹntiróòlù tán nínú rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀. Láìpẹ́, ilé méje yóò ṣáná sí fìtílà, àwọn ọmọ á sì wà nítòsí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bú sẹ́kún, mo ní mi ò mọ ẹni tó rà á.

"Ẹkún kọ́ ló kàn," ìyá wí. "Kó àwọn òfìfo yẹn wá."

Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ìyá ò wo ìgò, èdídí ẹnu wọn ló ń wò. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n fi òwú pupa wé, ti katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Igi tí wọ́n gbẹ́ dán, ti kafíńtà. Ó dá mẹ́fà mọ̀ báyìí. Bébà ni wọ́n ká sẹ́nu ìkeje, ìyá yí i títí, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n mú bébà náà dání, kí n sáré lọ bá àwọn tí a mọ̀ ná.

Nílé katikíìsì, ìyàwó rẹ̀ ti ń nu gíláàsì fìtílà. Nílé kafíńtà, wọ́n ti rọ ọ́ sínú rẹ̀, ìṣáná ni wọ́n ń wá. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń gba ìgò, ojú ń tì mí, ẹsẹ̀ mi ò sì dúró. Nígbà tí mo gba ẹ̀kẹfà, ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ṣú. Mo tú bébà tó kù lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹrù lọ́rì ni, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń jù sílẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé níbẹ̀, ilé ọkùnrin tó ta epo náà fún mi.

Mo dúró lójú ọ̀nà. Mi ò sọ èyí fún ìyá títí ó fi kú: ọkàn mi ní kí n padà sílé. Òun ló gbẹ́ kòtò, mo ní kó jìn sí i. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé nínú ilé.

Mo já wọlé. Ìyàwó ọkùnrin náà wà lórí àpótí, ó pọn ọmọ, fìtílà wà níwájú rẹ̀, ó ti mú ìṣáná kan jáde. Ọkọ rẹ̀ ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gba ìṣáná náà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Okun o," mo kí wọn bí a ti ń kíra wa nílẹ̀ wa, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Ẹ dákun, ẹ má tàn án. Bẹntiróòlù wà nínú ẹ̀."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Abẹ́ máńgòrò ni mo ti rà á. Bàbá àwọn ọmọ ní ká má tan èyí tó wà nínú àgbá wa. Ó ní ti ìyá abẹ́ máńgòrò ni ká máa rà, pé ìyá máa ń dán tiwọn wò."

"Èmi ni ìyàwó ọmọ ìyá," mo wí. "Àgbá yín ni mo ti rà á láàárọ̀."

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi sẹ́nu, kò sì dá a padà sínú abọ́. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i, ó sì ń wò ó títí mo fi gbé ìgò náà jáde.

Ó pẹ́ kí àwọn ará ìlú tó tún máa gbé ìgò lórí pákó wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí ọkùnrin yẹn, kí n tó gbà pé orúkọ ìyá ni ilé méjèèje rà, èmi ni mo sì tà á fún wọn.

Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé mi dé ilé epo kan tí owó tirẹ̀ dín sí ti ibòmíràn, mo máa ń sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, n ó bi ẹni tó ń ta epo léèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ibí ni ọ̀gá yín ti ń rọ epo sí mọ́tò tiẹ̀?" Àwọn tó ń ta epo a rẹ́rìn-ín, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kì í gbọ́ ìdáhùn yẹn. Ojú wọn ni mo máa ń wò, bóyá wọ́n gbé e sókè.