Ráútà Tó Wà Lẹ́yìn Abọ́ Ìyá Munir

Ìyáálé mi ni Ìyá Munir. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ òun, àbúrò ló fẹ́ èmi, inú ilé kan náà ni wọ́n sì kó àwa méjèèjì sí ní Fante New Town, ilé tí bàbá ọkọ wa kọ́ lẹ́yìn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kumasi. Sàbírátù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ọjà Kejetia. Èmi Kàúsárà ti ní ọmọ-ọmọ, irun ti funfun lórí mi, síbẹ̀ "Ìyàwó" ló ń pè mí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé mò ń bú u. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ agídí obìnrin náà pọ̀, mi ò ní tan yín.

Bí ẹ bá wọ yàrá rẹ̀, abọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwo irin tí wọ́n ya òdòdó sí lára, abọ́ onídèérí, ọpọ́n bàbà tó ń dán, ó tò wọ́n léra wọn lórí pẹpẹ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, náà la ṣe ń ṣe láàárín àwa Yorùbá tó ti pẹ́ níbí: ọjọ́ tí o bá ti bí ọmọbìnrin ni o ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ jọ fún un, kó lè rí nǹkan kó wọ ilé ọkọ. Tòyíbàt nìkan ni ọmọbìnrin tí Ìyá Munir bí, òun ló kó gbogbo abọ́ wọ̀nyẹn jọ fún. Ó sì ní òfin kan: ará ilé kò gbọ́dọ̀ jẹun nínú rẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ, wọ́n á wá yá a, á sì fi tayọ̀tayọ̀ kó o fún wọn, torí ó fẹ́ kí wọ́n máa yin abọ́ òun. Ẹ gbọ́ ná! Àwọn ará ìta ń jẹun nínú abọ́, àwa tá à ń bá a nu eruku lára rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án.

Tòyíbàt fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ lójú mi pé, "Màámi, ta ló tún ń kó abọ́ lọ sílé ọkọ láyé ìsinsìnyí?" Ìyá Munir kàn mú aṣọ, ó ń nu ọ̀kan nínú wọn lọ, ó ń nù ún ṣáá. Ó dùn ún gan-an lọ́jọ́ náà.

Ọkọ ìyáálé mi ti kú. Munir wà ní Jámánì. Suleman tó tẹ̀ lé e wà ní Àkrà, ó ní ìtòsí ni, àmọ́ ọdún Iléyá nìkan là ń rí i. Tòyíbàt ló kù nílé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àkrà, iṣẹ́ kí ó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ tàbí kí òun sunkún. Ọ̀gá rẹ̀, Madam Georgina, ní kó ṣì máa ti ilé ṣe é ná. Bí ìpè kò bá já, kó jókòó sí Kumasi. Bí ó bá ń já, kó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Àkrà.

Fóònù ni Tòyíbàt kọ́kọ́ ń fi fún kọ̀ǹpútà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù náà á gbóná bí ìkòkò orí iná, á sì kú. Ìyá Munir ní ó tó gẹ́ẹ́, ká lọ ra ráútà, ohun tí wọ́n ń lò fún un.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Jacob, ọmọ Yorùbá tiwa, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ló ní ṣọ́ọ̀bù náà nítòsí Kejetia.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Báwo ni ilé yín ṣe tóbi tó? Ẹ̀yin mélòó lẹ máa lò ó?"

"Kí lo fẹ́ fi ilé mi ṣe? Ráútà ni mo wá rà," ìyáálé mi dá a lóhùn.

Jacob rẹ́rìn-ín. Ó gbé mẹ́ta síwájú wa. Èyí àkọ́kọ́ tóbi, ó ní ìwo mẹ́rin tó nà sókè. Ìyá Munir wo iye tí wọ́n kọ sí i lára, ó gbé ojú kúrò kíá. Tòyíbàt ní ká má tilẹ̀ wò ó, wáyà ló ń lò, kò sì sí wáyà ilé-iṣẹ́ kankan tó dé àdúgbò wa. Ìkejì ló pọ́ọ́kú jù, àmọ́ síìmù ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà. Ọmọ náà ní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn yẹn bá ṣe ségesège, a ò ní lè yí i padà. Ìkẹta kéré, ó funfun, síìmù yòówù ló ń gbà, ó sì ní bátìrì nínú tí iná bá lọ. Tòyíbàt ní èyí tí òun fẹ́ nìyẹn.

Ìyá Munir gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń jù ú sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọn síìpù. "Ó ti fúyẹ́ jù. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìyá, iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe iṣu."

"Jacob, te so kakra." Ohun tí gbogbo wa ń sọ ní Kejetia nìyẹn tá a bá fẹ́ kí wọ́n dín owó kù. Ó dín in kù, ìyáálé mi ní kò tíì tó, ó tún dín in, a sì rà á. Bá a ṣe ń lọ, Jacob ké sí wa pé, "Ẹ gbé e sáàárín ilé o, kó lè kárí!"

A kọ́kọ́ tàn án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Háà! A rí Munir ní Jámánì, a rí eyín rẹ̀, a rí ọbẹ̀ tó ń sè. Inú gbogbo wa dùn. Tòyíbàt ní kó wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni.

"Kí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa fojú gán-án-ní rẹ̀? Ojú èèyàn ń bẹ o. Jacob sì ní àárín ilé. Yàrá ta ló wà láàárín?"

Yàrá tirẹ̀ ló wà láàárín lóòótọ́. Ó palẹ̀ mọ́ díẹ̀ lórí pẹpẹ níbi tí ojú iná wà, ó gbé ráútà síbẹ̀, ó fi aṣọ funfun tó fọwọ́ hun bò ó, ó wá to abọ́ rẹ̀ padà síwájú rẹ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú ohun iyebíye nílé wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan níbẹ̀, àti èmi àti Tòyíbàt.

Nígbà tó dọjọ́ kejì, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í já. "Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Hẹ́lò?" Ohùn tí mò ń gbọ́ láti yàrá Tòyíbàt ní òdìkejì àgbàlá nìyẹn, títí orí fi ń fọ́ mi. Georgina pè é. Ó ní òun á fún un di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí kò bá yí padà, kó máa bọ̀ ní Àkrà. Ìyá Munir wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní, "Ìyàwó, bí ọmọ yìí bá lọ, ta ló máa máa kí mi láàárọ̀?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Oorun ni wàá ṣì máa sùn."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ń bà á.

Ó gbé ráútà padà lọ bá Jacob, ó ń pariwo pé òkú ọjà ló tà fún òun. Jacob tàn án lójú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní bóyá ògiri ilé wa ló nípọn jù, ká wá wo oníwo mẹ́ta kan tó máa tó dé, agbára rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyáálé mi bọ̀ wálé, ó gbé ráútà padà sí ipò rẹ̀, ó ní òun á kó èésú òun fi ra oníwo mẹ́ta náà. Tòyíbàt bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́.

Àsìkò yẹn ni Ràhmát tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa wá. Ọmọ rẹ̀ bímọ, ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ó wá yá abọ́. Ó kó o tán pátá. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń gbọ́ àdúrà àwọn àlùfáà láti ọ̀hún, Tòyíbàt ń ṣiṣẹ́, ìpè kan kò já. Ọmọ náà jáde síta, ó ń jó. Ìyá Munir ní, "Alhamdulillahi! Ráútà ti mọlé."

Wọ́n dá abọ́ padà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń kọ mànà. Ìyáálé mi fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí "hẹ́lò, hẹ́lò" fi tún bẹ̀rẹ̀.

Subuhánallàhi! Ẹ ò rí ìbínú! "Ràhmát! Kí ni Ràhmát fi sínú abọ́ mi?" Ó ka Áyátul Kúrísíyù sí ráútà lórí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ń já síbẹ̀. Ó ní òun á yẹ abọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun tó lọ bá Ràhmát. Mo tẹ̀ lé e wọlé, torí mi ò fẹ́ kó lọ jà. Ó ń gbé abọ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣí ìdérí, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí pẹpẹ ṣófo, a gbọ́ Tòyíbàt láti òdìkejì àgbàlá:

"Màámi, ó ti dé!"

Ìyá Munir to abọ́ padà.

"Ó tún ti lọ!"

Ó kó o sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti dé! Kí lẹ ṣe?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Gbogbo irin yẹn, ráútà wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, à ń bú Jacob, à ń bú ògiri, ó kù díẹ̀ ká bú Ràhmát. Mo yíjú wo ìyáálé mi pé ká jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárín abọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "abọ́ tí mo kó jọ kó lè bá a jáde nílé ni kò jẹ́ kó rí ilé gbé."

Mo jókòó tì í.

Ọjọ́ yẹn náà la gbé ráútà lọ sójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìbò ó. Ìpè kò já mọ́. Nígbà tó di Jímọ̀, Georgina pè, ó ní kí Tòyíbàt jókòó sílé rẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá Munir wọ ilé ìdáná, ó se ìrẹsì, ó din ẹja. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ gbé abọ́ tó wà lókè pátápátá, onídèérí alódòdó pupa tí ìyá tirẹ̀ fún un. Ó bu oúnjẹ sí i. Mo dìde dúró, mo ń wò ó. Ó gbé e gba àgbàlá kọjá, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀.

Tòyíbàt ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lórí ẹrù tí kò tíì dé. Ó wo abọ́ náà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Hẹ́lò?" ọkùnrin náà ń pè láti inú kọ̀ǹpútà. "Hẹ́lò? Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni?"

Ìyá Munir fò sókè, ó sáré lọ wo ojú fèrèsé. Ráútà ń tàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ síbì kankan. Tòyíbàt ló ń sunkún.