Tíúbù Ọ̀kadà Lọ́wọ́ Ọkọ Àǹtí Mi

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rí tíúbù ọ̀kadà. Òun ni ọkọ àǹtí mi, òmùwẹ̀ dáàmù ní Ìsẹ́yìn, fi ń de aago tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó mọ́ ọwọ́. Wọn á tún fi òwú òfì àǹtí mi so ó mọ́ ìgbànú. Wọn á ní: "Ohun tá ò bá so lẹ́ẹ̀mejì, omi ló ni ín."

Ọ̀gá tuntun níbi iṣẹ́ wọn rí i: "Bàbá, ẹ má fi àkísà dójú tì wá!" Ó tú gbogbo ẹ̀ dànù, ó fún wọn ní bẹ́líìtì dídán láti fi de aago.

Bẹ́líìtì ọ̀hún já lábẹ́ omi, aago lọ. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti lọ sísàlẹ̀ jù. Omi fọ́ etí wọn méjèèjì.

Ọ̀gá wá sílé: "Bàbá, ẹ má bínú."

Wọn ò gbọ́. Èmi ni mo gbọ́.