Irun Ìpéǹpéjú Kan

“Àǹtí, ṣé aràn yẹn mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun?”

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi àbúrò bàbá mi ní ìbéèrè náà. Yàrá àyẹ̀wò ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Aràn ni ó ń sìn níbẹ̀, àwọn aràn tín-ín-rín tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, nínú àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí. Bàbá mi sọ ọ́ ní Ìyá Aràn.

Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ, ó ní kí n fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó mú igi ṣóńṣó kan tó lẹ irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ mọ́ lórí, ó fi kan aràn kan. Aràn náà fà sẹ́yìn kíá. Ó fi kan òmíràn nínú àwo kejì, èyí tí wọ́n ti po òjé mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Kò mira. Nígbà tó yá, ó ń yí lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

“Òjé ti ba iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ara rẹ̀ jẹ́,” ni Àǹtí wí.

Ìgbà náà ni mo béèrè. Ó wò mí, ó tún wo àwo.

“Mi ò mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, nítorí òjé ni bàbá mi ń yọ́ lẹ́yìnkùlé wa. Ó ń tú u lára bátìrì tó ti kú, ó ń fi tún òmíràn ṣe. Lákòókò yẹn, ife ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ife yìí ń yọ̀ jù,” ni ó máa ń wí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi òjé yìí sílẹ̀.”

“Ìyá Aràn, ṣé mo jọ aràn lójú ẹ ni?”

“Ẹ ò jọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ohun tó ṣe aràn ló ń ṣe yín. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí.”

Èmi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Àǹtí mú igi onírun náà wá sílé.

“Ẹ dijú, ẹ na ọwọ́. Tí nǹkan bá ti kàn yín, ẹ sọ fún mi.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó dijú. Àǹtí fi irun náà kan àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i. Mo ń retí kí bàbá mi sọ̀rọ̀.

“Ó yá, bẹ̀rẹ̀ nígbà náà,” ni ó wí. “Àbí o fẹ́ kí n sùn síbí ni?”

Nígbà tí bàbá mi lajú, tó rí omi lójú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣe é fún ọmọ yìí.”

Mo dijú. Bó ṣe kàn mí báyìí, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kíá.

Bàbá mi lọ rí dókítà. Kò dá iná òjé mọ́ lẹ́yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò padà sípò tán.

Mo ti fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Lánàá, bàbá mi kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ń bá ilẹ̀ jà.

“Ta ló gbé ibí yìí ga tó báyìí?”

Àǹtí jókòó tì mí. Ó rọra fi èjìká kàn mí.

“Ìbéèrè tí o bi mí nípa aràn nígbà tí o kéré,” ni ó wí. “Kò mọ̀, ọmọ mi. Ó rò pé ilẹ̀ ni nǹkan ń ṣe.”